Ẹ gbà mí o: wọ́n ní okùn àpò ìbọn tí mo tà kì í ṣe tirẹ̀

Àkànní (Berlin): Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Mo ta àpò awọ ìbọn P08 kan (ìbọn ìléwọ́ Luger tí àwọn ológun Jámánì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì), ọdún 1939 ló wà lára òǹtẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà wá kọ̀wé pé wọ́n ti pààrọ̀ okùn tí wọ́n fi ń dè é, kí n dá owó òun padà. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ó ku bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Ìyá Ìbejì (Hamburg): Àbúrò, tan iná UV sí ojú rírán. Òwú ayé ìjọun kì í tàn. Tó bá ń tàn yanran, òwú òde òní ni. Bẹ́líìtì kan ló kọ́ mi, owó ilé oṣù kan ló bá a lọ.

Ṣẹ́gun (London): Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òwú tuntun tí kì í tàn náà wà lọ́jà. Ihò abẹ́rẹ́ ni kó wò. Tí ihò àtijọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òwú gbà, ẹnì kan ti tú u rí. Kó sì wo ibi tí irin ìdè ti tẹ okùn náà. Tí ojú ìtẹ̀ ò bá bá irin mu, irin yẹn kọ́ ló bá a dàgbà.

Àkànní: Ihò méjì-méjì ni mo ń rí o! Mo tiẹ̀ ti fi pólíìṣì dúdú kùn ún kó lè dán...

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ pólíìṣì?

Ṣẹ́gun: Pólíìṣì ò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ológun fúnra wọn kun awọ pupa ní dúdú.

Bàbá Táyé (Köln): Ó burú! Ìdọ̀tí inú ihò yẹn ni ẹ̀rí, ó ti fi pólíìṣì dí i pa. Àkànní, pé wọ́n pààrọ̀ okùn ò sọ ọ́ di ayédèrú. Àwọn aránṣọ awọ wà láàárín àwọn ológun tó ń tún ẹrù ṣe. Wò ó bóyá nọ́ńbà RB, nọ́ńbà tí ìjọba Jámánì fi ń dá ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹrù mọ̀, wà lára okùn náà. Ìdajì ìkẹyìn ogun ni nọ́ńbà yẹn dé, kò lè bá 1939 jáde pọ̀.

Ṣẹ́gun: Bàbá, ta ló fẹ́ gba àlàyé yẹn láì dín owó?

Ìyá Ìbejì: Tí idì tó gbé swastika bá wà lára òǹtẹ̀, bò ó nínú fọ́tò. Òfin 86a, òfin Jámánì tó ka àfihàn àmì Násì léèwọ̀, ò mọ ọmọ ẹnì kan.

Ṣẹ́gun: Ẹ̀yin ará Berlin, ẹ wá kọ́ṣẹ́ ní London.

Àkànní: London tí ẹ ti ń sanwó ilé bí ẹni ń sanwó orí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì, Hamburg ló ní èbúté. Ẹrù ilé yín, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà.

Bàbá Táyé: Òórùn awọ yìí ń mú ọkàn mi lọ sí Ọ̀yọ́, nídìí àwọn tó ń rán tìmùtìmù. Ta ló ń lọ sílé lóṣù Kejìlá?

Ṣẹ́gun: Èmi ni. Iye kílò mélòó?

Ìyá Ìbejì: Tìmùtìmù méjì, àti èlùbọ́ Ìbàdàn. Má ra ti orí afẹ́fẹ́ o, lọ sí Bódìjà fúnra ẹ.

Àkànní: Owó oníbàárà ń kọ́?

Ṣẹ́gun: Ìyá Ìbejì, kílò mélòó ni ti èlùbọ́?