Ṣé lóòótọ́ ni sódíọ̀mù máa ń fẹ́ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀?

ÌyáÌbejì_Ìṣọ̀kùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì ni mo gbé wá. Iléṣà ni mo wà, Ìṣọ̀kùn ni ṣọ́ọ̀bù mi. Àkọ́bí mi wà ní SS2. Ìwé rẹ̀ sọ pé sódíọ̀mù a máa tètè fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó wà ní ìpele ìta rẹ̀ sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìwé kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé agbára 496 kílòjúùlù ni yóò gbà kí a tó yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn lára móòlù kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka átọ̀mù. Ọmọ wá bi mí pé, "Mọ́mì, ẹni tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ṣé wọ́n á tún máa fi ipá lé e jáde?" Mi ò rí èsì fọ̀. Àkọ́sórí ni èmi fi ṣe é nígbà WAEC tèmi, òun sì ní òun ò fẹ́ àkọ́sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là á yé wa?

Dèjì_Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Torí kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele ìta rẹ̀ lè pé mẹ́jọ ni. Sódíọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, ètò wọn láti inú dé ìta ni 2, 8, 1. Tí ọ̀kan yẹn bá kúrò, ó ku 2, 8, bíi ti néónì. Kiloríìnì ní 2, 8, 7, ó gba ọ̀kan yẹn, òun náà pé mẹ́jọ. Kó kọ ọ́ báyìí, á gba máàkì.

Olùkọ́_Lágere

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọmọ yín dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kẹ́mísírì ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, irú ìbéèrè yìí gan-an ni mo máa ń wá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Dèjì, máàkì á wọlé lóòótọ́, àmọ́ o ò tíì dáhùn. Ọmọ náà mọ̀ pé mẹ́jọ ni. Ohun tó ń bi wá ni pé ta ló san 496 yẹn.

Kò sí átọ̀mù tó ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Prótọ́ọ̀nù 11 ló wà láàárín sódíọ̀mù, wọ́n sì ń fa ọ̀kan yẹn mọ́ra. Ó kàn jẹ́ pé ó jìnnà sí wọn, àwọn mẹ́wàá tó kù sì dí wọn lójú, ni tirẹ̀ fi rọrùn ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Kí ọmọ wo agbára tí yíyọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìkejì gbà nínú ìwé rẹ̀: 4,562! Ìdí nìyẹn tí sódíọ̀mù fi ń dúró sórí ẹyọ kan.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣí ìwé ọjà yín, ẹ kọ ohun tó jáde sí apá kan, kí ẹ kọ ohun tó wọlé sí apá kejì. Ká tú átọ̀mù sódíọ̀mù kúrò lára irin rẹ̀, 107 jáde. Ká ya kiloríìnì tó so pọ̀ ní méjìméjì, 121 jáde. Ká yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, 496. Àpapọ̀ 724. Nígbà tí kiloríìnì gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, 349 padà wọlé. Gbèsè 375 ṣì wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, kò ní sí iyọ̀ láyé yìí.

Àmọ́ sódíọ̀mù ti di íọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ̀mù tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí tó gbà á kún tirẹ̀. Ti sódíọ̀mù ní ẹrù iná rere (+), ti kiloríìnì ní ti òdì (−), wọ́n sì ń fa ara wọn. Wọn kì í so ní méjìméjì o. Kiloríìnì mẹ́fà ló yí sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká, sódíọ̀mù mẹ́fà ló yí kiloríìnì kọ̀ọ̀kan ká, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé etí hóró iyọ̀. Ìkójọ yẹn ló mú 787 wọlé. Ẹ yọ 375 kúrò, 412 ni èrè. Èrè yẹn ló ń jáde bí ooru àti iná nígbà tí sódíọ̀mù bá ń jó nínú kiloríìnì. Ìfàmọ́ra yẹn náà ni iyọ̀ kì í fi í yọ́ àfi tí ooru bá dé 801 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì.

Torí náà, ẹ sọ fún un pé wọ́n fi ipá lé e jáde ni, àwọn íọ́ọ̀nù tó kóra jọ ló sì san owó ipá náà.

ÌyáÌbejì_Ìṣọ̀kùn

Ọ̀gá, ẹ ṣeun púpọ̀! A ti ṣe ìṣirò náà lórí páálí mílíìkì, ó pé 412 géérégé. Ó tún ní kí n bi yín: tí gbèsè bá pọ̀ jù ńkọ́, tí kò sí ìkójọ tó lè san án?

Olùkọ́_Lágere

Á! Ọmọ yìí dára.

Ẹ jẹ́ ká mú sílíkọ́ọ̀nù inú iyanrìn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ló ní ní ìta. Láti yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lé ní 9,900 kílòjúùlù. Kò sẹ́ni tó ń san ìyẹn tán, nítorí náà sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn jọ ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni. Ọ́síjìn mẹ́rin yí sílíkọ́ọ̀nù kan ká, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sì tún di sílíkọ́ọ̀nù míì mú. Ìdí nìyẹn tí iyanrìn funfun fi nílò ooru nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó yọ́.

Àwọn baba ńlá wa ní Ifẹ̀ yọ́ ọ. Ní Igbó Olókun, níbi tí Frobenius, olùṣàwárí ará Jámánì, ti rí ìkòkò gíláàsì ní 1910, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde. Gíláàsì ibẹ̀ kún fún kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òkèèrè, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ibí ni wọ́n ti ṣe é. Íọ́ọ̀nù bíi ti kálísíọ̀mù máa ń já àwọn ìsopọ̀ sílíkọ́ọ̀nù-ọ́síjìn níbì kan níbì kan, iyanrìn á wá yọ́ nínú ooru tó kéré sí tirẹ̀. Aró ojú ọ̀run tó wà lára wọn, íọ́ọ̀nù kóbáàtì wà nínú ohun tó fà á. Ìsopọ̀ méjèèjì, ti íọ́ọ̀nù tó ń fa ara wọn àti ti àjọlò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ló wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ mú ọmọ náà wá sí mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwá ní Ifẹ̀ níbí nígbà ọlidé, mo bẹ̀ yín.

ỌmọÌtagúnmodì

Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ kú àlàyé. Wúrà ilẹ̀ wa níbí ńkọ́? Nínú yẹ̀pẹ̀ odò la ti ń rí i, ó ń dán báyìí. Irin kì í wà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́_Lágere

Ìwé ìṣirò kan náà ni. Kì í ṣe pé agbára láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wúrà pọ̀ ju ti irin lọ o. Ti irin pọ̀ gan-an, torí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta ló ń yọ. Àmọ́ íọ́ọ̀nù irin kéré, ọ́síjìn sì ń fà á gidigidi, ohun tó ń wọlé ju ohun tó jáde lọ, ló fi ń dípẹtà. Wúrà tiyín, 368 láti tú u, 890 láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, íọ́ọ̀nù rẹ̀ tóbi, ohun tí ọ́síjìn lè dá padà kò tó gbèsè. Ló bá jókòó sínú odò, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe.

Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe nìyí: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ lára magnísíọ̀mù gba 738, ìkejì gba 1,451. Kí ló dé tí kò dúró sórí ẹyọ kan bíi sódíọ̀mù? Kó gbé èsì rẹ̀ wá síbí, Dèjì ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Dèjì_Ifẹ̀

Mo ti gbọ́ sà. Mò ń dúró dè é.