Èsì: okùn bàtà àti orúkọ tó yẹ àrà rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa ará Sábẹ̀ẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín: kí okùn bàtà tó ń kọjá lórí ara rẹ̀ jẹ́ "ìso alágbèélébùú" tàbí "ìso líle", kí èyí tó dábùú gbọọrọ sì jẹ́ "ìso onílà".

"So" ni mi ò gbà. Kókó tí a ń ta níkẹyìn là ń so. Ohun tí à ń wá orúkọ fún ti parí kí a tó débẹ̀: bí okùn ṣe ń ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dárà sójú bàtà. Àwọn onídìrí ti ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí tipẹ́, "dì" ni, wọ́n sì ti sọ àrà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ẹ wo pàtẹ́wọ́: irun ọ̀tún àti tòsì wá pàdé láàárín orí. Bí okùn bàtà ojoojúmọ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. "Ìdì pàtẹ́wọ́" yé ọmọdé. Ti àgbélébùú, igi kan dúró, èkejì dábùú. Okùn bàtà dagun ni, ó ń ti igun dé igun. (Ẹ má ní irun obìnrin ni o. Ṣé àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó kì í dirun ni?)

"Líle" náà ò ràn wá lọ́wọ́. Burkard Polster, onímọ̀ ìṣirò ní Ọsirélíà, ṣírò rẹ̀ nínú Nature ní 2002: pàtẹ́wọ́ àti èyí tó dábùú ló ń fa bàtà pọ̀ jù lọ, bí ihò ṣe jìnnà síra ló ń pinnu èyí tó borí. Ẹni tó kọlà ni onílà, nítorí náà mo fara mọ́ "ìdì onídàábùú". Òun ló wù mí jù: ìlà tó sùn nìkan là ń rí, ìyókù sá pamọ́ sábẹ́. Àmọ́ kì í gún bí ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 5 tàbí 7. 6 tàbí 8 ló bá a mu.

"Ẹnu okùn" tí ẹ pe ike orí okùn dára. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa pe okùn náà ní lasé tiwọn, tí wọ́n yá lára Faransé.

Ọ̀kan ló kù tó ń dà mí láàmú: okùn á gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dábùú, á gba abẹ́ èyí tó dúró lódì kejì, á tún gòkè. Àkàbà ni ìbá bá a mu, ṣùgbọ́n ní Kétu ilẹ̀ Benin, Àkàbà Ìdènà ni orúkọ ẹnubodè ìlú. Ẹ̀yin ará Kétu, ṣé "ìdì àkàbà" á rú yín lójú, àbí ká mú àtẹ̀gùn?