Ṣé kí n kó òwò mi kúrò ní Guangzhou lọ sí erékùṣù Hainan?

Bàbá Aláṣọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Guangzhou ni mo wà, aṣọ ni mò ń kó ránṣẹ́ sí Balógun ní Èkó: ṣẹ́ẹ̀tì, jíǹsì, aṣọ ọmọdé. Bí ọjà ṣe rí báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Owó ilé ti lọ sókè ní àdúgbò Sanyuanli níbí, oníbàárà ń dín kù, àwọn tó sì kù nínú wọn ti ń bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra wọn lórí fóònù. Ará Ṣáínà kan tí a ti jọ ń ṣòwò bọ̀ látẹ̀yìn wá ní kí n bá òun lọ sí Hainan. Ó ní láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2025 tí wọ́n ti ya ibodè erékùṣù náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyókù Ṣáínà, kò sí owó ibodè níbẹ̀ mọ́, owó orí ilé iṣẹ́ kò ju ìdá 15 nínú 100 lọ, ilé ò wọ́n, òkun sì wà ní ìtòsí. Ó fẹ́ kí a jọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Haikou.

Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ mi níbí, ọmọ wa sì ti pé ọdún mẹ́rin. Bí ìyàwó mi ṣe gbọ́ "òkun" báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Èmi ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, tàbí tó mọ bí ọ̀rọ̀ owó ibodè yìí ṣe jẹ́ gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ wo fídíò o, mo ti wò wọ́n tán.

Ìyá Ìbejì (Xiaobei, Guangzhou):
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Níbo lẹ ti máa rí aṣọ rà níbẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Haikou:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì tó wà níbí ni mo ti kàwé, iṣẹ́ ni mo sì ń ṣe báyìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ "erékùṣù", wọ́n rò pé ibi kékeré kan ni. Hainan tóbi ju odidi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 10. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Guangdong tí ẹ wà yẹn ló wà tẹ́lẹ̀, ọdún 1988 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ tó di ìpínlẹ̀. Haikou ni olú ìlú, òun ló kọjú sí Guangdong ní àríwá. Sanya wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń rọ́ lọ. Yangpu wà lẹ́bàá òkun ní ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni èbúté ńlá àtàwọn ilé iṣẹ́ wà. Tí ẹni yẹn bá ní "Hainan", ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ ojú irin ayára yí gbogbo erékùṣù ká, ó lé ní 650 kìlómítà. Téèyàn bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ní Haikou, á ti jẹun ọ̀sán tán ní Sanya.

Ìgbé ayé ibẹ̀ rọrùn, mi ò ní purọ́. Ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Àgbọn wà, máńgòrò wà, ẹ̀gẹ́ wà. Ata yẹ́lò kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ata inú ìgò, ẹbí kan náà lòun àti ata rodo, tó bá já yín jẹ ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti délé. Àwọn bàbá àgbà á jókòó sí ilé tíì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa lé wọn dìde. Lójú títì, kò sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó ẹnubodè lọ́wọ́ ọkọ̀, inú owó epo bẹntiróòlù ni wọ́n fi í sí, ìdí nìyẹn tí epo ibẹ̀ fi wọ́n ju ti Guangdong lọ. Ọkọ̀ oníná mànàmáná sì pọ̀ jọjọ, torí wọ́n ti kéde pé tó bá di ọdún 2030, àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọkọ̀ elépo tuntun mọ́.

Ohun tí fídíò kì í fi hàn yín ni ìjì. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjì tí wọ́n ń pè ní Yagi balẹ̀ sí Wenchang, nítòsí Haikou níbí. Ó wó igi, ó fọ́ fèrèsé, iná àti omi lọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Láti nǹkan bí oṣù Kẹfà títí wọ inú oṣù Kẹwàá, ojú ọ̀run la máa ń wò. Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ẹ̀wẹ̀, Haikou a máa tutù rinrin, ògiri á máa sun omi, aṣọ inú wọ́dúróòbù á hu. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé aṣọ lẹ̀ ń kó jọ, ẹ fọkàn sí ìyẹn.

Ní tòótọ́, owó ilé níbí kéré sí ti Guangzhou. Àmọ́ tí òtútù bá ti mú ní àríwá Ṣáínà, àwọn arúgbó ọ̀hún á kó ara wọn wá sí Sanya, wọ́n á dúró títí òtútù á fi lọ. Ẹ má ṣe wá ilé níbẹ̀ nígbà ọdún tuntun wọn o.

Ìyá Ìbejì (Xiaobei):
Gbogbo èyí dára, àbúrò, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi nípa aṣọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Haikou:
Ẹ má bínú, mà. Kò sí. Aṣọ tí wọ́n ń tà níbí, ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ló ti ń wá, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá.

Aṣojú Apápá:
Bàbá Aláṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ọjà gbígbà ní ibodè ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ "kò sí owó ibodè" yẹn wò dáadáa.

Ibodè méjì ló wà ní Hainan báyìí. Ọ̀kan wà láàárín erékùṣù àti òkèèrè, òun ni wọ́n ṣí. Èkejì wà láàárín erékùṣù àti ìyókù Ṣáínà, ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè dúró sí. Ọjà tó ń ti òkèèrè wọ Hainan ni wọ́n mú owó ibodè kúrò lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọjà: nǹkan bí 6,600 oríṣi, ìyẹn ìdá 74 nínú 100. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 1,900 péré ni. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ló lè jẹ àǹfààní náà. Tí ọjà ọ̀hún bá sì sọdá sí Guangdong bó ṣe wà, owó tí wọ́n fojú fò á padà jáde.

Ẹ wá gbé aṣọ yín sórí ìwọ̀n yìí. Ṣáínà ni wọ́n ti rán an, Èkó ló ń lọ. Kò sí owó ibodè ìwọlé Ṣáínà lórí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibodè tó ń gba owó lọ́wọ́ yín wà ní Apápá àti Tin Can, Hainan ò sì lè bá yín bẹ̀ wọ́n.

Owó orí ìdá 15 ńkọ́? Àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ tí ìjọba fẹ́ kó gbèrú níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ níbẹ̀ ní ti gidi: òṣìṣẹ́, ìwé ìṣirò, dúkìá. Pátákó lásán kò tó. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ò sì sọ fún yín ni pé ilé iṣẹ́ kékeré tí èrè rẹ̀ tó yẹ fún owó orí kò ju mílíọ̀nù 3 yuan lọ lọ́dún, ìdá 5 ló ń san jákèjádò Ṣáínà títí di òpin 2027. Ṣé èrè yín ju ìyẹn lọ? Tó bá jù ú lọ, ẹ máa rántí mi o.

Bàbá Aláṣọ:
Ẹ̀rín pa mí. Kò jù ú lọ, ọ̀gá mi. Bó bá jù ú lọ, kí ni mo máa wá dé ibí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:
Èmi lọ sí Sanya fún ìsinmi, mi ò gba físà rárá. Ṣebí ẹ kàn lè wọ bàálù lọ wò ó?

Ìyá Ìbejì (Xiaobei):
Ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó lẹ fi wọlé, bùọ̀dá. Orílẹ̀-èdè 59 ni Hainan ṣí ilẹ̀kùn fún ní 2018 láti wọlé fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba físà, Nàìjíríà kò sí lára wọn. Kódà ẹni tó bá bá ọ̀nà yẹn wọlé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Bàbá Aláṣọ tó ti ní ìwé ìgbélùú Ṣáínà lọ́wọ́ lè lọ kí wọ́n sì bọ̀. Ìwé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Orúkọ ilé iṣẹ́ Guangzhou ló wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá lọ jókòó sí ọ́fíìsì Haikou, tí ẹ̀ ń tajà, tí ẹ ò tíì tún ìwé ṣe, iṣẹ́ àìbófinmu ni wọ́n máa pè é. Owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 yuan títí dé 20,000, wọ́n sì lè ti èèyàn mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ní kí ó máa lọ sílé. Ará Ṣáínà tó ń pè yín yẹn kò ní í bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Aláṣọ:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo pe ẹni náà lálẹ́ àná, mo gbé ọ̀rọ̀ aṣọ kò ó lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ kọ́ ló wà lọ́kàn òun. Yànmọ̀tí ló ní kí n máa bá òun kó wá láti Nàìjíríà, kí àwọn máa fún epo rẹ̀ ní Yangpu, kí wọ́n sì máa tà á káàkiri Ṣáínà. Èmi ni máa wá ọjà, òun ni máa ní ẹ̀rọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà! Aṣojú Apápá, kí lẹ rí sí i?

Aṣojú Apápá:
Ọ̀rọ̀ gidi ti dé báyìí. Òfin kan wà níbẹ̀ tó bá èyí mu: tí ilé iṣẹ́ Hainan bá kó ohun èlò wọlé láti òkèèrè, tó ṣiṣẹ́ lé e lórí débi pé iye tó fi kún un tó ìdá 30 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà náà lè wọ ìyókù Ṣáínà láìsan owó ibodè. Owó ibodè nìkan o, VAT ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ fún epo sàn ju kí ẹ kàn kó hóró sínú àpò tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fi ìṣirò ìdá 30 yẹn hàn yín lórí ìwé, torí yànmọ̀tí fúnra rẹ̀ wọ́n, owó iṣẹ́ orí rẹ̀ lè má tó bí ẹ ṣe rò.

Ohun méjì míì. Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ gba Kútọnu, torí láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2024 ni Ṣáínà ti mú owó ibodè kúrò lórí gbogbo ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí èyí tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù lọ láyé, tí wọ́n sì jọ ń ṣe, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ibi tí wọ́n ti gbin yànmọ̀tí ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe èbúté tó gbà jáde. Ẹ má dán an wò.

Èkejì ni pé ní oṣù Kẹfà 2025, Ṣáínà ṣèlérí pé òun á na àǹfààní yẹn dé ọ̀dọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà 53 tí wọ́n jọ ń ṣe, Nàìjíríà wà nínú ìyẹn. Tí ó bá ti dé orí yànmọ̀tí wa, kò ní sí owó ibodè lórí rẹ̀ ní Guangzhou náà. Kí ni Yangpu á wá fi ju ibòmíràn lọ? Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Àlàájì Aláta:
Ẹ dákẹ́ ná. Èmi ò fara mọ́ gbogbo ìdẹ́rùbà yìí. Ìgbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé Guangzhou lọ, ṣé ẹnikẹ́ni ló fọwọ́ sọ̀yà fún wọn? Ibi tí èrò ò tíì pọ̀ sí ló yẹ kéèyàn tètè dé. Bàbá Aláṣọ, ẹ lọ. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé mọ́ṣáláṣí wà ní Sanya, àwọn Mùsùlùmí tó ti Champa, ìjọba àtijọ́ kan ní ibi tó ń jẹ́ Vietnam báyìí, sọdá wá láyé àtijọ́ ṣì wà ní abúlé wọn níbẹ̀, oúnjẹ halal kò ní wọ́n yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Haikou:
Òótọ́ ni ti mọ́ṣáláṣí, Àlàájì. Sanya sí Yangpu ló jìn.

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún ẹ̀gbọ́n. Kò sí afárá láàárín wa àti Guangdong, kò sì sí ọ̀nà abẹ́ omi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé gbogbo nǹkan sọdá, títí kan ọkọ̀ ojú irin. Tí ìjì bá jà tàbí tí kùrukùru bá bo ojú omi, wọ́n á ti èbúté. Lẹ́yìn ọdún tuntun wọn ní 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló há sí Haikou nítorí kùrukùru, ìlú kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó epo lọ tà ní Ṣáínà gbọ́dọ̀ fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn tó bá ń ṣe pẹ̀lú oníbàárà.

Ìyá Ìbejì (Xiaobei):
Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń sọ èdè Ṣáínà nísinsìnyí, ó ní ọ̀rẹ́ ní iléèwé. Iléèwé àwọn àjèjì ní Haikou kò pọ̀, owó wọn kì í ṣe ti oníyànmọ̀tí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ dúró ná.

Bàbá Aláṣọ:
Mo gbọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Aṣọ dúró sí Guangzhou, mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni máa lọ wo Yangpu, kì í ṣe Sanya, kí n rí ẹ̀rọ náà lójú, kí n sì rí ìwé ìdá 30. Àpò yànmọ̀tí kankan kò ní kúrò ní Nàìjíríà kí n tó rí wọn. Ìyá ọmọ ti gbọ́, ó bínú díẹ̀, ó ní kí n ya fọ́tò òkun wá fún òun ó kéré tán.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Haikou:
Ẹ káàbọ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ni wọ́n máa forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ yín lẹ sùn, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ, kó tó pé wákàtí 24. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín gan-an dání, ẹ̀dà rẹ̀ kò tó. Ẹ sì jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra gàrí ní Xiaobei.

Ìyá Ìbejì (Xiaobei):
Ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n ti wá rà á o.