Ṣé ó yẹ ká sanwó fẹ́ni tó máa ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ká tó tà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. A fẹ́ ta ilé bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Under G. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ká gba àwọn tó máa ń kó àga àti kọ́tínì wá sílé kí oníbàárà tó wá wò ó, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ṣé owó yẹn máa padà wọlé?

Àjàní: Ẹ má náwó yẹn o mà. Ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, survey (ìwé tó fi ààlà ilẹ̀ hàn) dà, C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba) dà, ṣé gbogbo ọmọ bàbá ló fọwọ́ sí i. Lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń ra ilé fẹ́ fi gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ni, yàrá àti omi ni wọ́n ń wò, ọ̀rọ̀ àga ò kàn wọ́n.

Ìyá Bọ́lá: Òótọ́ ni ti ìwé, àmọ́ ilé tó bá mọ́ máa ń tètè tà. Ẹ kó ẹrù bàbá kúrò ní pálọ̀, ẹ gé koríko, tí síìlì bá ti ní àmì òjò ẹ tún páànù ṣe kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà, tórí òjò kan péré ló máa tú u fó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Survey wà, C of O ni ò sí. Páànù ni màá kọ́kọ́ mú ṣe.