Kí ni ìdánwò ètò-ṣíṣe ń wọ̀n gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìdánwò ètò-ṣíṣe tí wọ́n ń pè ní Tower of London, tí Tim Shallice, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú, gbé jáde ní 1982, ṣé agbára àtironú ṣáájú nìkan ni a ń wọ̀n?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀pá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan gba ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, èkejì gba méjì, ẹ̀kẹta gba ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ to àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà bí àwòrán ṣe fi hàn gbọ́dọ̀ fi ìgbésẹ̀ tí ń bọ̀ sọ́kàn, kí ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni. Mo ti rí ẹni tí ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ pupa kí ó tó wo àwòrán tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ àkókò tí wọ́n fi ronú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun sílẹ̀ lọ́tọ̀. Iye ìgbésẹ̀ nìkan kò tó.