Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó tí mo fi póìntì rà àtèyí tí mo fi káàdì rà, èwo ni kí n kánsù?

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Dìsẹ́ńbà ló yẹ ká lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi, àfi bí àwọn ẹbí ìyàwó ṣe sún un sí Ẹ́sítà. Tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, miles, ìyẹn póìntì tí oníbàálù máa ń fún èèyàn, ni mo fi rà á, ti bàbá wọn owó gidi ló jáde lórí káàdì, tàwọn ọmọ, póìntì tí báńkì fún mi lórí káàdì ni mo lò lórí sáìtì báńkì. Mo pe àwọn oníbàálù, wọ́n ní ti káàdì ò ṣeé dá padà, kírẹ́díìtì tá a máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì míì lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n máa fún wa. Bàbá wọn ní ká kánsù gbogbo ẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Tóyè: Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o! Ti miles yẹn ò le, tó bá jẹ́ oníbàálù Delta tàbí United tẹ́ ẹ sì ń gbéra láti Amẹ́ríkà, wọ́n á dá miles yín padà láìgba kọ́bọ̀, táàsì tẹ́ ẹ san náà á padà sórí káàdì, àfi basic economy ti Delta, tíkẹ́ẹ̀tì wọn tó rẹlẹ̀ jù, ìyẹn wọ́n máa gé nínú ẹ̀. Ẹ ṣáà kánsù kí bàálù tó gbéra.

Ìyá Ìbejì: Tàwọn ọmọ ńkọ́, ṣebí póìntì náà ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Báńkì ló gba póìntì yín tó fi dọ́là ra tíkẹ́ẹ̀tì, lójú oníbàálù owó lẹ san. Ẹ ṣí rìsíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì yín, tẹ́ ẹ bá rí miles pẹ̀lú táàsì lábẹ́ ẹ̀, miles ni, tó bá jẹ́ dọ́là nìkan, bákan náà lòun àti ti bàbá wọn, póìntì ò ní padà, báńkì lẹ sì máa pè.

Ọmọ Ìbàdàn: Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí, ẹ pe báńkì tó ni káàdì kẹ́ ẹ ṣe dispute, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ní ẹ ò gbà pẹ̀lú owó tí wọ́n yọ, owó á jáde.

Bàbá Tóyè: Àbúrò, rọra. Oníbàálù ò kọ̀ láti gbé wọn, àwọn ni ò lọ mọ́, báńkì máa da ẹjọ́ yẹn nù ni. Ìyá Ìbejì, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dúró rèé: òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2024 ní tí oníbàálù bá fúnra ẹ̀ fagi lé ìrìn-àjò òkè òkun, tàbí tó yí táímù débi pé ẹ máa fi wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tètè gbéra tàbí pẹ́ dé, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò lọ mọ́, owó gidi ni wọ́n máa dá padà, ti káàdì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7. Wọ́n sì máa ń yí táímù o. Tẹ́ ẹ bá ti sáré kánsù fúnra yín, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Háà! Dọ́là nìkan ló wà lórí rìsíìtì àwọn ọmọ lóòótọ́. Tèmi nìkan ni mo máa kánsù nígbà náà. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn o, kò ní gbà lẹ́nu mi 😂

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ béèrè ọjọ́ tí kírẹ́díìtì máa kú pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oníbàálù, ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ka ọdún kan, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kánsù, orúkọ ẹni tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń wà, bàbá wọn ò lè fi tọmọ lọ.