Àbọ̀ ìdánwò òfin ìjà Kírìjì: ó ti yanjú

Ẹ kú ìdúró. Mo béèrè ìdí tí Ìbàdàn fi ń fìdí rẹmi léraléra nínú eré orí tábìlì wa tó dá lórí ogun Kírìjì (1877–1893). Ìyára ìbọn ló fà á: Snider, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó wà lọ́wọ́ Èkìtì Parapọ̀ ń yìn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ṣakabùlà Ìbàdàn ń gba ìyípo mẹ́ta kó tó tún yìn. Dáìsì méjì la ń jù fún ìyìn kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 8 sókè ló bà: àǹfààní 15/36.

Mi ò fọwọ́ kan iye yẹn. Èéfín ni mo fi kún un, torí ẹ̀tù dúdú ni ìbọn méjèèjì ń lò. Ẹni tó bá yìn léraléra lójú kan náà nílò 10 sókè, 6/36 péré. Ní ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́, ìpíndọ́gba iye ọta Snider tó máa bà wálẹ̀ láti 45/36 sí 27/36. Ṣakabùlà ṣì wà ní 15/36. Kí èéfín má kọjá ìyípo méjì lẹ́yìn ìyìn o! Tó bá wọ ìkẹta, tí ṣakabùlà tún fẹ́ yìn, ṣakabùlà náà á jìyà. Ọ̀rọ̀ yìí parí lọ́dọ̀ mi, ẹ ṣeun.